Kí Ó Mu Mẹ́rin, Kó Má Mu Karùn-ún

Àjàmé, Àbíjàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó ọmọ, ẹ kú bí ayé ṣe le. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Adégbénró àbúrò mi, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá kí Jàlálù ọmọ tèmi. Ẹ bá mi fi ẹnu kàn án ní àtàrí.

Mo bá Yàkúbù ọkọ mi láàyè. Ọ̀kadà tó gbá a ṣẹ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun dè é, ó ń jẹun, ó sì ń ráhùn, nítorí náà mo mọ̀ pé kò ní kú. Ṣọ́ọ̀bù ni mo bá ní títì, eruku ti bo gbogbo abọ́ ike tí a ń tà. Mo ti nù wọ́n, mo ti ṣí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sọ fún yín pé màá lò, Màámi. Mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ti bodè. Wọ́n ní kòrónà ni. Ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá, èèyàn kò gbọdọ̀ kọjá. Bámigbóyè ọmọ Ẹ̀rìn tó ń wa tírélà ní òun á máa bá mi mú ìwé wá tí òun bá ń bọ̀ nílé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo lè fi fóònù Yàkúbù pè yín, ṣùgbọ́n ẹ rí i bí èyí tí a pè kọjá ṣe rí: ẹkún ni mo fi gbogbo owó rẹ̀ sun, mi ò tíì bèèrè ohun kan tó fi tán. Ìwé sàn jù. Ìwé kì í já.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo pa ọmọ oṣù márùn-ún tì nítorí ọjà. Àìsàn ń jà lójú ọ̀nà, mo rò ó pé ilé ló ti máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmú mi le bí òkúta. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí wa ní kí n fi ọ̀já dì í pinpin, pé láìpẹ́ á gbẹ. Mo ní kò ní gbẹ. Mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé, mo máa ń fún un sínú ife, mo sì máa ń dà á sídìí igi máńgòrò kan. Àwọn obìnrin inú ọgbà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní tí máńgòrò yẹn bá so lọ́dún yìí, èmi ni màá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ ọmọ mi ni mò ń ṣọ́. Ọjọ́ tí mo bá dé, mo fẹ́ kó bá a níbẹ̀.

Mílíìkì tí mo rà sílẹ̀, ṣíbí tó wà nínú agolo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má jẹ́ kó ga ju ẹnu ṣíbí lọ, kí omi rẹ̀ sì hó dáadáa. Mo ti ṣírò rẹ̀, á tó títí màá fi dé, tí ẹnikẹ́ni kò bá fi sínú tíì. Ẹ sọ fún Adégbénró. Ìró mi aláwọ̀ ewé ni kí ẹ máa fi pọ̀n ọ́n. Mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó kúrò nílé, kí òórùn mi lè wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má fọ̀ ọ́.

Ọmọ yín,
Malikah.


Ìlọ́bù,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

Malikah ọmọ mi, ìyá Jàlálù,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú ìtọ́jú aláìsàn, kí Ọlọ́run so egungun ọkọ rẹ pọ̀. Wọ́n ti ti mọ́sáláṣí, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ààwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí, inú ilé ni kálukú ti ń ṣínu. Adégbénró ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìbòmú ló ń rán láti inú àjákù àǹkárá, ó ń tà á ju bó ṣe ń ta ṣòkòtò lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ló kù. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu Bámigbóyè. Mílíìkì yẹn kò bá a lára mu. Kò sẹ́ni tó fi sínú tíì. Bí ó bá ti mu ún ni yóò bì í, ìgbẹ́ olómi tẹ̀ lé e, títí ojú rẹ̀ fi jìn wọnú. Mo gbé e lọ sí sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì kan dúró lókèèrè, ó ní kí n má wọlé nítorí àìsàn tó ń jà, ó júwe omi iyọ̀ àti ṣúgà fún mi, ó sì bèèrè pé ṣé kò sí ìyá ọlọ́mọ kankan nínú ilé wa ni. Mo gbé ọmọ padà wálé.

Olúbùnmi, ìyàwó àbúrò rẹ, ti ń gbọ́ gbogbo igbe yẹn láti yàrá wọn. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ tipẹ́, ìwọ ni ẹ̀rù rẹ ń bà á. Ó mọ̀ pé ìwọ lo dúró láàárín ilé nígbà tí Adégbénró fẹ́ fẹ́ ẹ, tó o ní Ìfọ́n kì í ṣe ibi tí a ti ń fẹ́yàwó, pé àwa àtàwọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo ti sẹ́ńtà dé yìí, ó wọlé tọ̀ mí wá, iwájú búláúsì rẹ̀ ti rin ṣin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ gbé e fún mi. Gbogbo ìgbà tó bá ń ké ni ara mi ń dá a lóhùn, èmi ni mi ò dá a lóhùn."

Mo gbé e fún un, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ mu, ó sùn, ó jí, ó tún mu. Divine ọmọ Olúbùnmi ń mu apá kan, Jàlálù ń mu apá kejì. Ara rẹ̀ ti padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Kọ ìwé ìdúpẹ́ sí i, kó o fi ọ̀rọ̀ tó dùn kọ ọ́.

Ìró rẹ, mo fọ̀ ọ́. Ó bì sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùíbátù.


Àjàmé, Àbíjàn,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2020.

Màámi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Mo dúpẹ́ pé Jàlálù yè. Mo ti kọ ọ́ sókè níbí, kí ẹ má sọ pé mi ò dúpẹ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tèmi.

Nínú gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó wà n'Ílọ́bù, ṣé ìyàwó Adégbénró nìkan ni ọmú rẹ̀ ń ṣe? Mobọ́lá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń kọ́, tó bímọ lẹ́yìn mi, tó jẹ́ ẹbí, tó ń kírun? Ẹ ò wádìí. Ẹni tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lẹ gbé e fún. Ìgbà tí mò ń ka ìwé yín nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan bèèrè iye bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, mo pè é ní ìdajì. Èmi Malikah. Ó san án kíá, ó sì gbé e sá lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ara ọmọ náà padà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí létí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ ọ́. Tí ẹ bá kọ̀wé pé ó kọ̀ ọ́, ìbànújẹ́ tí mo mọ̀ ni ìyẹn ì bá jẹ́. Èyí tí mò ń bá yí báyìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Èmi ń fún ọmú sínú ife, ẹlòmíràn ń fi tirẹ̀ sí ọmọ mi lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń kún. Mo máa ń rò ó pé báwo ló ṣe ń gbé e. Ṣé ó máa ń fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú bí mo ṣe ń ṣe? Ṣé Jàlálù ṣì máa ń fi ìka ṣeré létí ẹni tó bá ń fún un lọ́mú? Ẹ má dáhùn ìyẹn.

Ìyá kan wà níbí tó ń kọ́ àwa obìnrin ní ẹ̀sìn kí wọ́n tó ti mọ́sáláṣí. Mo lọ bá a lójú fèrèsé. Ó ní obìnrin tó bá fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú ti di ìyá rẹ̀ lójú ẹ̀sìn títí ayé, ọmọ náà kò lè fẹ́ ọmọ rẹ̀, torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó wá ní ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé ìgbà márùn-ún, kí ìgbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmuyó. Màámi, ẹ bá mi ka iye ìgbà tó ti mu ún. Èyí tó mu tí kò yó, ẹ má kà á. Èyí tó sùn lọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tí Divine fi igbe gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yọ ìyẹn náà. Tí ẹ bá yọ gbogbo wọn, ó lè má tíì pé. Kí ó mu mẹ́rin, kó má mu karùn-ún. Mẹ́rin á gbé e dúró títí ara rẹ̀ á fi le, kò sì ní sọ ẹnikẹ́ni di ìyá rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ iye ọjọ́ tí ìwé fi ń rìn. Mo mọ ìṣirò. Ẹ bá mi kà á bẹ́ẹ̀ náà.

Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, kó ṣe àlùwàlá kó tó gbé e, torí ọmọ mùsùlùmí ni. Kó má fi ìró tirẹ̀ pọ̀n ọ́n. Kó má kọrin fún un. Tó bá sì ń mu lọ́wọ́, ẹ fi aṣọ bò ó lójú, kó má rí ojú ẹni tó ń fún un. Kó jẹun, kó má mọ ẹni tó gbé oúnjẹ wá.

Mo fi owó rán Bámigbóyè. Ẹ ra mílíìkì irú mìíràn.

Ọmọ yín,
Malikah.


Ìlọ́bù,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 2020.

Malikah,

Ìkíni mi kò ní gùn. O kú ọdún tó kọjá.

Jígí ojú mi fọ́ lọ́jọ́ kejì ọdún, ìjẹta ni wọ́n tó bá mi tún un ṣe. Nígbà tí ìwé rẹ dé, mi ò lè kà á, mo sì rò pé ìwé ìdúpẹ́ tí mo ní kó o kọ ni. Èmi ni mo pe Adégbénró, èmi ni mo ní kó kà á sókè lọ́dẹ̀dẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́. Ìyàwó jókòó sórí àpótí, Jàlálù wà lọ́mú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè ọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ dé ibi tó o ti bèèrè pé ṣé tirẹ̀ nìkan ni ọmú rẹ̀ ń ṣe, ohùn rẹ̀ wọlé, ó fẹ́ fò ó. Ìyàwó ní, "Bàbá Divine, ẹ kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ó kà á. Ó ka ti mẹ́rin, ó ka ti karùn-ún, ó ka ti aṣọ ojú. Ìyàwó jẹ́ kí ọmọ rẹ mu yó, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó wọlé lọ di ẹrù, ó pọn Divine, ó kúnlẹ̀ fún mi pé ó dàbọ̀, ó sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ n'Ífọ́n.

Ìṣirò rẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Àfáà àdúgbò wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ìbòmú fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nínú ìwé tí àwọn kà ní ilé kéwú tiwọn, bí ẹ̀kán ṣoṣo bá ti wọ ọ̀fun ọmọ, ó ti parí. Ẹ̀kán, Malikah. Olúbùnmi ti di ìyá ọmọ rẹ kó o tó gbọ́ pé ọmọ rẹ ṣàìsàn. Mẹ́rin tó o ń wá, kò sí níbì kankan.

Ọmọ ń kọ́? Mílíìkì tuntun yìí kò bì í, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ, ahọ́n ló fi ń ti fídà síta. Ẹ̀kọ ni mò ń pò fún un, ó ń gba díẹ̀. Ó tún ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ló ń yí ọrùn wo ẹnu ọ̀nà. O ní kí a fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ó ti rí ojú náà tipẹ́.

Mo lọ sí Ìfọ́n lánàá. Iye tí ọlọ́kadà pè kò ṣeé gbọ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwùmí bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fún mi ní àga, ó fún mi ní omi, kò sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dáa. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo bẹ ìyàwó. Ó ní, "Màámi, mi ò bá yín jà, mi ò bá Jàlálù jà. Ọmú ń ro mí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọmọ ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì kà á lójú ọkọ mi. Kí ẹni tó ni ọmọ kọ òmíràn, kí wọ́n kà á lójú ọkọ mi náà." Mo ní ká pè ọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ti fóònù.

Adégbénró á ya ìwé yìí ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọkọ rẹ, torí ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró de tírélà. Kí ìwọ náà ya tìrẹ. Má kọ ọ́ sí mi, òun ni kó o kọ ọ́ sí. Má sì fi ẹ̀sìn bo ohun tó jẹ́ tìrẹ.

Ìyá rẹ.


Àjàmé, Àbíjàn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2020.

Olúbùnmi ìyàwó wa, ìyá Divine,

O kú ilé bàbá rẹ. Bá mi kí Bàbá, bá mi kí Ìyá, mo kúnlẹ̀. Adégbénró, tó o bá ń kà á, kà á sókè, má fo ìkankan.

Ohun tí mo kọ, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kọ ọ́. Mò ń jowú rẹ ni. Mo ṣì ń jowú rẹ bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó ti lọ. Nígbà tí ìyá wa kọ̀wé pé ọmọ mi ń wo ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ebi rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Mo kọ́kọ́ rò ó pé èmi kọ́ ló ń wò fún. Mo jókòó sórí ìdì abọ́, mo ń ro ìyẹn kiri, ọmọ mi sì wà nílé tí kò jẹun. Yàkúbù ló pè mí pé kí ni mò ń ṣe tí mi ò tíì mú bírò.

Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, mo ṣírò gbogbo ohun tí yóò ná mi: aṣọ, sàárà ìsọmọlórúkọ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ọmú nìkan ni mi ò ṣírò. Mo rò pé òun ni kò ní ná mi ní nǹkan kan. Òun ló wá wọ́n jù.

Mo bẹ̀ ọ́, fún un lọ́mú. Mi ò fi iye kankan sí i. Kí Divine kọ́kọ́ mu yó, kí Jàlálù mu èyí tó kù. Tí kò bá kù, kó mu ẹ̀kọ, mi ò ní bínú. Fi ìró tìrẹ pọ̀n ọ́n. Orin ìjọ yín tó o bá mọ̀, kọ ọ́ fún un, kò ní pa á. Jẹ́ kó máa wò ọ́. Ẹ̀wà mi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ ibùsùn ìyá wa, mò ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí yóò wọ́n kí n tà á. Mo gbọ́ pé ó ti wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má tà á. Sè é jẹ, ẹni tó ń fún ọmọ méjì lọ́mú gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìyá rẹ̀ ni ọ́. Àfáà ti sọ ọ́, èmi náà sì ti kọ ọ́ báyìí lójú ọkọ rẹ. Ìyá rẹ̀ ni èmi náà. Mi ò mọ bí àwa méjèèjì ṣe máa gba ilé kan ṣoṣo. Ká fi ìjà ìyẹn sílẹ̀ títí mo fi máa dé. Kó yè ná.

Malikah.


Ìlọ́bù,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2020.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Jàlálù,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ yín. Mo kúnlẹ̀.

Bàbá Divine ka ìwé yín n'Ífọ́n, lójú bàbá mi àti ìyá mi. Nígbà tó kà á tán, bàbá mi gbà á, wọ́n tún un kà fúnra wọn bí ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì, wọ́n ní ìwé náà dára, kò fi nǹkan pa mọ́. Ìyá mi ní tí wọ́n bá ní kí òun dá sí i, òun ò ní jẹ́ kí n lọ. Bàbá mi ní ta ló ní kí wọ́n dá sí i. Mo di ẹrù mi.

Mi ò tíì gbàgbé ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ò purọ́ fún mi, èmi náà ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń jowú. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Divine, tí àlejò bá ti wọ ilé yìí, Jàlálù ni wọ́n ń gbé, wọ́n á ní ọmọ Malikah rèé, ẹ wo iwájú orí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá yà sí yàrá tèmi, ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí Jàlálù mu ọmú mi tí ara rẹ̀ padà, mo yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò ó pé wọ́n á wá mọ̀ báyìí pé mo wà nínú ilé. Ẹ̀yin sì kọ̀wé pé kí wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀ kó má rí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dé egungun. Tí ẹ bá dé, a máa jókòó sọ ọ́.

Nígbà tí mo wọlé, Jàlálù wò mí bí ìgbà tí èèyàn wo ajigbèsè, ó yí ojú sí ògiri. Mo jókòó tì í, mi ò fi ipá gbé e. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó gbá mi láyà, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá mu. Divine rí i, ó figbe ta, mo gbé òun náà sí apá kejì. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń mu, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ti se ẹ̀wà yín lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Divine ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Màámi ní ẹ ò tíì jẹ́ kí ọmú yín gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ, torí èmi nìkan kọ́ ni màá jìyà eléyìí. Nígbà tí mo wà n'Ífọ́n ni eyín méjì yọ nísàlẹ̀ ẹnu Jàlálù, ó sì ti mọ ohun tí a ń fi eyín ṣe. Ó gé mi jẹ láàárọ̀ yìí, mo pariwo, ó sì ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tètè máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá gba ìpín tiyín.

Olúbùnmi.